Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Ta Ló Dúró Lókèèrè?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹsẹ kan ṣoṣo ló gba oorun lójú mi lọ́sẹ̀ yìí: "Nígbà tí kò sì lè pa á mọ́ mọ́, ó ṣe apótí eésú fún un" (Ẹ́kísódù 2:3). Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wa tó lóyún, tí àwòrán rẹ̀ ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ló fà á; ẹni tó bá wà ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú kò ní bi mí nídìí.

"Kò lè pa á mọ́ mọ́." Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá Mósè fi gbé e pamọ́. Ọwọ́ ìyá ló kúrú, ìfẹ́ rẹ̀ kò tán. Fáráò ló jókòó sáàfin tó ń ka ọmọ inú ọmọlúwàbí. Ìjọba Ṣáínà náà ka ọmọ bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bíi 1980 títí di òpin 2015: ọmọ kan péré fún ọ̀pọ̀ tọkọtaya nígboro. Bí ọmọ bá lé, ìtanràn ni. Bí owó ò bá sí, ọmọ lè má rí hùkóù gbà, ìyẹn ìwé ìdílé tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé tí wọ́n sì fi ń gba ìtọ́jú. Ìkànìyàn 2010 bá nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn tí kò ní in. Ọmọkùnrin sì ni ọ̀pọ̀ ń wá, nítorí náà ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbé jù sílẹ̀. Láti 1992 títí Ṣáínà fi fòpin sí fífi ọmọ fún ará òkè òkun tọ́ ní 2024, ó lé ní 160,000 ọmọ tí àwọn ará òkè òkun gbà tọ́.

Ẹ padà sídìí apótí wa. Ó fi ọ̀dà sán an kí omi má baà wọlé. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ kú kì í sán apótí.

Ní Seoul, ní Gúúsù Kòríà, ìjọ kékeré kan tó ń jẹ́ Jusarang wà lórí òkè kan ládùúgbò Nangok. Pásítọ̀ Lee Jong-rak dá ògiri ibẹ̀ lu ní December 2009, ó fi àpótí kan sí i fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lè tọ́. Ilẹ̀kùn kékeré ni, inú rẹ̀ móoru, aṣọ wà nílẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí báyìí, agogo dún nínú ilé. Ẹnì kan á gbé ọmọ, ẹnì kejì á sáré síta lọ bá ìyá kó tó lọ jìnnà. Ọmọ tó gba ibẹ̀ wọlé ti lé ní 2,000. Àmọ́ ẹni tó sáré síta yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ìyá sọ, àwọn kan gbé ọmọ wọn padà sẹ́yìn, ìjọ sì ń fi mílíìkì àti dáyápà ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní Shijiazhuang ní Ṣáínà, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá agogo dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìyá lè ráyè lọ. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Guangzhou ṣí tiwọn ní 28 January 2014. Nígbà tó fi di 16 March, ọmọ 262 ti wọlé, gbogbo wọn ló ní àìsàn tàbí àbùkù ara. Wọ́n ti í pa. Owó ìtọ́jú ló lé àwọn òbí yẹn débẹ̀.

Ẹ̀yin tí òfin máa ń yá lẹ́nu, ẹ gbọ́ èyí. Ní August 2012, Kòríà ní kò sí ìyá tó lè fi ọmọ sílẹ̀ fún ìgbàtọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀. Òfin tó dáa ni, kí ọmọ lè mọ orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wọ ìwé ìdílé, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọmọge tí kò lọ́kọ. Ọmọ inú àpótí Jusarang fò láti 79 ní 2012 sí 252 ní 2013. Nígbà tó di 2023, àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba rí ọmọ 2,236 tí wọ́n bí sílé ìwòsàn láàárín 2015 sí 2022 tí orúkọ wọn ò sí níbì kankan. Àwọn kan ti kú. Láti July 2024, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi ìbí tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 14. Lọ́jọ́ kan náà ni òfin mìíràn gba aboyún tí ẹ̀rù ń bà láyè láti bímọ lórúkọ àbò, tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an, kó sì fi ọjọ́ 7 ó kéré tán rò ó kó tó fi ọmọ sílẹ̀. Ká ní èyí àkọ́kọ́ nìkan ni, balùwẹ̀ ni wọn ìbá máa bímọ sí.



Ẹsẹ 4 wàyí: arábìnrin rẹ̀ dúró lókèèrè láti mọ ohun tí yóò ṣe é. Àwa náà dúró lókèèrè lọ́sẹ̀ yìí. Fóònù ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fojú wọn ikùn ọmọ ọlọ́mọ láti ìdí káńtà oúnjẹ, ta ló bi í bóyá ó ti jẹun? Ẹ̀yin akọrin, ta ni ẹ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí? Ẹ pa á rẹ́ lónìí. Ẹ̀yin ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín o! Ọkùnrin ilé Léfì wà ní ẹsẹ 1. Láti ẹsẹ 2 lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń ka èyí tó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Ìwọ ọmọ mi, tí oò wá sí ìsìn, ka ẹsẹ 9. Ìyá Mósè gan-an ni wọ́n gbé ọmọ fún padà, wọ́n sì sanwó fún un láti tọ́ ọ. Ìyá Ìjọ ti mọ̀ pé o lè dé nígbàkúgbà, lóru pàápàá. Ẹ̀yìn ilé ni kí o gbà. A ò ní bi ọ́ léèrè kankan kí o tó jẹun.

ÌKÉDE: Àpótí wà ní ọ́fíìsì fún mílíìkì, dáyápà (nọ́ńbà 1 àti 2) àti aṣọ ọmọ, ẹ má kọ orúkọ yín sí i. Ìpàdé àwọn bàbá: Sátidé, aago mẹ́rin, kò sí àwáwí. Ìdánrawò akọrin ò sí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ lọ sílé, jọ̀ọ́, dá a padà.