Ẹ jẹ́ ká máa kọ ìyára íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ọ̀kun o. Mo kí gbogbo òǹkàwé yín, pàápàá ẹ̀yin ará Kàbà, Mọpà àti gbogbo ilẹ̀ Yàgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọbìnrin mi ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílé wa ní Ìsánlú níbí. Aago 9 alẹ́ ni kíláàsì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò ní tíì pẹ́ tí ojú olùkọ́ á fi dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ohùn á sì pòórá. Ọmọ á gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á gun orí rẹ̀, á na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ ká èso. Bẹ́ẹ̀, owó tí mò ń san lóṣooṣù kò dín kọ́bọ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ta ráótà fún mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa. Ọmọ tó gbé fóònù bi mí pé, "Bàbá, báwo ló ṣe lọ́ra tó, ẹ jọ̀wọ́? Láti ìgbà wo?" N kò rí nǹkan kan sọ ju pé ó lọ́ra, ó lọ́ra. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí. Kò kúkú jẹ̀bi. Èmi ni mo gbé ẹjọ́ wá láìní ẹlẹ́rìí.

Mo ra ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan, mo fi okùn so báírò mọ́ ọn, mo sì fi í kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní aago 6 àárọ̀, aago 1 ọ̀sán àti aago 9 alẹ́, mo ń ṣí fast.com, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọn ìyára, mo ń kọ ìyára tí dátà fi ń wọlé, èyí tó fi ń jáde, àti ping, ìyẹn àkókò tí ìbéèrè wa fi ń lọ tí èsì fi ń padà dé. Mo tún ń kọ bóyá òjò rọ̀, bóyá iná wà. Ojú kan náà ni mo máa ń jókòó sí. Mo sì máa ń bẹ gbogbo ilé kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ ná, torí bí ẹnì kan bá ń wo fídíò ní yàrá, ohun tí a bá rí kì í ṣe òótọ́. Ìwọ̀n yìí ń jẹ dátà o, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ṣe ń yára tó ló ṣe ń jẹ ẹ́ tó. Kí ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ fiyè sí i.

Èmi fúnra mi ni ìwé náà kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni mo gbé ráótà sí. Nígbà tí mo gbé e wá sójú fèrèsé, ti àárọ̀ gbéra sókè. Ti alẹ́ kò mira. Mo ti ń fi ọdún gbáko bú òjò, àfi bí ìwé ṣe fi hàn mí pé òjò kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iná náà kọ́. Aago 9 alẹ́ ló jẹ̀bi: megabit 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárọ̀, 10 lọ́sàn-án, 1.2 lálẹ́. Gbogbo wa la jọ ń pín ohun tí òpó nẹ́tíwọ̀kì kan ń gbé. Nígbà tí ará oko àti ará ọjà bá ti dé ilé, tí oníkálukú mú fóònù, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré. Ìṣòro ti oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá gé nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí a pín in sí mẹ́ta, 9.4 la ó rí. Iye tó dára ni! Ta ni yóò gbọ́ 9.4 tí yóò mọ̀ pé ọmọ kan wà lórí àga lábẹ́ igi? Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, pé kí wọ́n máa fi ìyára ìlú kéékèèké hàn ní wákàtí sí wákàtí.

Mo tún pe ilé-iṣẹ́ náà, mo ka ìwé mi sí wọn létí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà yẹn ṣeré, torí bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, NCC ló kàn, ẹ pè wọ́n ní 622, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n NCC á fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́.

Ìwé ilé kan ṣoṣo, wọ́n lè ní ráótà ló bàjẹ́. Bí ilé mẹ́wàá ní Ìsánlú bá kọ tiwọn, tí Mọpà kọ, tí Kàbà kọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń wólẹ̀ ní aago 9 alẹ́, wọn kò ní rí ráótà kankan dá lẹ́bi. Mo bẹ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ kọ déètì sí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí