Kí ariwo Dùgbẹ̀ má bo ohùn Bẹẹrẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ó dára bí àwọn ẹgbẹ́ onífíìmù ṣe ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́ Ìbàdàn wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Ìlú tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959 kò yẹ kó gbẹ́yìn. Àmọ́ ìpàtẹ kì í ṣe ilé sinimá. Bí fíìmù mẹ́ta bá ń ké nínú yàrá kan, igbe kọ̀ǹdọ́ Dùgbẹ̀ á bo ohùn ẹlẹ́kọ Bẹẹrẹ mọ́lẹ̀. Ẹ so íyápíìsì mọ́ méjì, kí ẹ̀kẹta nìkan máa sọ̀rọ̀ síta.

Ẹ fi aṣọ dúdú dí fèrèsé, torí pírójẹ́kítọ̀ kò lè bá oòrùn ọ̀sán du ògiri. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù inú rẹ̀ á dúró kí gílóòbù tó tutù, ìyẹn ló ń tètè pa gílóòbù. Ẹ so pírójẹ́kítọ̀ náà mọ́ ínfátà.

Èyí tó ń dùn wá jù ni àwòrán alẹ́. 50 Hz ni iná tiwa, ìyẹn ni pé ó ń lọ bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa là fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá nígbà tó ń ya ọjà lábẹ́ iná ọ̀pá, ìlà dúdú á máa gba ojú onísúyà kọjá. 1/50 ni kí wọ́n lò.

Àwa ayàwòrán kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.