Àpótí báàsì àtijọ́ kì í ṣe igi ìdáná

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń ráhùn pé ní òde àríyá ayé ìsinsìnyí, báàsì kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí onígángan ń wí. Ó ní wọ́n ki òun níbi ìnáwó, gbogbo èèyàn rí i pé wọ́n ń ki òun, àmọ́ òun fúnra òun ò gbọ́ oríkì náà, àyà òun tó ń gbọ̀n rìrì nìkan lòun mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá báàsì ló wá di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Òótọ́ ni ohun tó gbọ́. Ẹni tó di ẹ̀bi rù ni mi ò fara mọ́. Àpótí sípíkà tí wọ́n ń lò ló yẹ kó bi léèrè, nítorí ọmọ tó ń ta báàsì lè mọ iṣẹ́ dáadáa kí àpótí sì ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí n tó jókòó ti títún sípíkà ṣe ní Òkè-Àdó, gìtá báàsì ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ jùjú kan nílùú Ìbàdàn níbí. Ampeg ni àpótí tí ọ̀gá wa ní, èyí tó gba sípíkà mẹ́jọ, ínṣì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwọn olórin òyìnbó ń pè é ní fíríìjì nítorí gíga àti ìwúwo rẹ̀, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ dá gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1969, pẹ̀lú áńpù (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn) SVT tó ń lo fáàfù onígíláàsì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300. Ẹgbẹ́ Rolling Stones wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, nígbà tí wọ́n ń káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí inú rẹ̀ hàn yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa, kò sí ihò kankan. Pákó pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́rin, sípíkà méjì-méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá yẹn kò rí ibi gbà jáde. Nítorí náà, bí ìwé sípíkà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń mì, bá fẹ́ sáré kọjá àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á fà á padà sílé. Bí ẹni tó ń ta gìtá bá gbé ìka kúrò lórí okùn, ohùn á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé yín láti Ìjẹ̀bú-Òde fi sọ́kàn nìyẹn: ohùn á dákẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu nípa àpótí yìí. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá báàsì olókùn mẹ́rin, èyí tí à ń pè ní E, ìgbà 41 ló ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fíríìjì yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní 41. Ìlọ́po rẹ̀ ló ti ń ké dáadáa, ní 82, ní 123, àti ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí wa ló ń fi ìyókù kún un. Bí etí bá ti gbọ́ 82 àti 123 pọ̀, á gbà pé òun ti gbọ́ 41. Bí báàsì ṣe ń yọ kedere lórí àpótí yẹn nìyí láìjẹ́ pé ilẹ̀ ń mì tìtì. Ẹni tó bá ń ta gìtá olókùn márùn-ún, tó fẹ́ kí okùn B ìsàlẹ̀ pátápátá gbá èèyàn láyà, kó wá àpótí mìíràn. Èyí kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ wá wo bó ṣe kan orin tiwa. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gángan ń sọ̀rọ̀, ohùn tó ń lọ sókè-sódò lára awọ sì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí báàsì bá ń fà gùn nísàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ló kọ́kọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀. Dò á lọ, á wá ku re àti mí. Bí dò bá ti sọnù, orúkọ ta ni onílù fẹ́ fi re àti mí nìkan pè? Kí gìtá báàsì tó wọlé, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àpàlà. Ẹni tó bá ní àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá nílé, kó tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ orin náà. Bí wọ́n bá ti ta irin agídìgbo, á dún, á sì kú, àyè á ṣí sílẹ̀ fún onílù. Nínú gbogbo àpótí tí ọwọ́ mi ti kàn, èyí tó dí pa, tó kún fún sípíkà ínṣì mẹ́wàá, ló sún mọ́ ìwà agídìgbo jù lọ.

Àpótí tí wọ́n sábà ń kó wá sóde báyìí, sípíkà ínṣì 18 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n sì dá ihò sí i lára kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bá sípíkà gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. N ò bú u. Bí DJ bá ń lu àwo, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n lò. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ihò yẹn kì í tètè dúró. Okùn gìtá ti dákẹ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń mì, báàsì á wá máa wú lọ lábẹ́ kánópì, á gorí ìlù, á gorí ohùn olórin. Ọmọ tó wà nídìí gìtá ti ṣe tiẹ̀ tán nígbà yẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára o. Áńpù báàsì Bassman tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1952, sípíkà ínṣì 15 kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin onínṣì mẹ́wàá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ṣe ìdúró kankan fún ìwé sípíkà. Ẹni tó bá fi gìtá báàsì lé e kíkankíkan lóde, ìwé inú rẹ̀ á ya. Àwọn onígìtá lásán ló wá gbà á mọ́wọ́, ara rẹ̀ sì ni Jim Marshall ti wo àwòkọ áńpù àkọ́kọ́ tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Acoustic 360 tún wà, tí wọ́n ṣe ní California. Sípíkà ínṣì 18 ni, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ohùn á gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ inú àpótí kó tó bọ́ síta. Jaco Pastorius, ògbóǹtarìgì onígìtá báàsì, lò ó, ìyẹn ò sì ṣòroó gbà gbọ́, torí ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ẹni tó dúró tì í lórí ìtàgé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara rẹ̀. Nínú yàrá kékeré, kò wúlò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún yàrá kékeré ni Ampeg B-15 ti 1960, onínṣì 15 kan, irú èyí tí James Jamerson, onígìtá báàsì, lò ní Detroit.

Àwọn tó kan àpótí wọ̀nyí kò ní kọ̀ǹpútà. Ọdún 1961 ni Neville Thiele tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìṣirò bí sípíkà àti àpótí ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́, ní Ọsirélíà, ẹ̀yìn 1970 sì ni Richard Small tó fẹ̀ ẹ́ lójú tí gbogbo ayé fi mú un lò. Ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn ará ìgbà yẹn, etí ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n á kan án, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un kàn. Torí náà, sípíkà tó bá inú rẹ̀ wá àti fífẹ̀ yàrá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kò mọ ohun tóun fi sílẹ̀.

Èyí ló dùn mí jù tí mo fi gbé bírò. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nínú ìlú yìí tó ní fíríìjì tí mo ń wí. Ọ̀kan nínú sípíkà mẹ́jọ rẹ̀ jó. Wọ́n pe ẹnì kan, ó lọ sọ́jà, ó ra onínṣì mẹ́wàá tó bá ihò náà mu, ó dè é mọ́ ibẹ̀. Kò wo óòmù rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó; bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń gbà ṣe ń pọ̀ tó. Nínú àpótí yẹn, óòmù 32 ni sípíkà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyẹn ló fi di óòmù 4 tí áńpù fẹ́. Èyí tó rà jẹ́ 8. Ohun tí áńpù wá rí já sí nǹkan bí 2.9, kò sì fara dà á. Sípíkà tuntun yẹn nìkan ń gba ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo iná tó ń bọ̀, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méje yòókù ń gbà. Ó jó láìpẹ́. Áńpù náà tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ wá pinnu pé àpótí ti gbó, wọ́n yọ méje tó ṣì dáa dànù, wọ́n kó mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n kọ 1000 WATTS sí lẹ́yìn wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wá bá mi pé kò pariwo mọ́, àwọn méje yẹn ti bá àwọn tó ń ra páńtí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí kó hàn: wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà kì í ṣe ariwo. Iye iná tó lè gbà kó tó jó ni. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ni iye dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ké tó) tó ń fún yín bí ẹ bá fi wáàtì 1 sí i, tí ẹ dúró ní mítà 1 síwájú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fún yín ní 100, tí èkejì fún yín ní 94, ẹ ó fi wáàtì 400 sí èkejì kó tó dé ibi tí èkíní fi wáàtì 100 dé. Ẹ ro ìyẹn pọ̀ mọ́ iye tí epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ sípíkà àtijọ́, ìwé wọn fẹ́lẹ́, kọ́ìlì wọn (wáyà wíwé tó ń mú ìwé mì) fúyẹ́, iná díẹ̀ ló ń mú wọn ké. Èyí tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún wáàtì sí, kọ́ìlì rẹ̀ nípọn, ìwé rẹ̀ wúwo, ó ń gba iná púpọ̀ kó tó dáhùn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé òòfà ni gbogbo àṣírí náà. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yí òòfà padà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Shaba ní Zaire (Kóńgò ti òní) ní 1978, irin tí wọ́n ń pè ní kóbáọ́tì gbówó lórí gógó, torí ibẹ̀ ni ó ti ń wá jù, alnico tí wọ́n fi ń ṣe òòfà kò sì ṣeé ṣe láìsí i. JBL, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, wà lára àwọn tó bọ́ sórí òòfà seramíìkì lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n mo ti fi etí ara mi gbọ́ onísẹramíìkì tó dùn àti oní-alnico tí kò dùn. Ìwé àti àpótí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílé ọ̀gá olórin tó ti dolóògbé, kó tó ta á, kó wá bátìrì kékeré oní-volt 1.5, kó fi orí bátìrì kan ojú rere (+) níbi tí wáyà ti ń wọ àpótí, kó fi ìdí kan ojú kejì (−). Gbogbo sípíkà ló yẹ kó fò síta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá wọlé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ti so ó sódì, ó sì ń jẹ báàsì àwọn yòókù. (Bí JBL àtijọ́ ló bá kún inú rẹ̀, kí ẹ̀rù má bà yín bí gbogbo wọn bá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.) Lẹ́yìn náà, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé sípíkà, kó rọra tì í. Bó bá ń ha kọ́rọ́kọ́rọ́, kọ́ìlì ti fara kan irin, mo lè tún un wé. Bí kò bá ha, tó rọra padà wá, àpótí ṣì dí. Bó bá fò padà kíá bí ẹni tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ẹ fi okùn E dún un, ẹ gbé àbẹ́là yí oríkèé pákó ká, iná àbẹ́là á fi ibẹ̀ hàn yín. Àtè àti súúrù ló ń tún ìyẹn ṣe.

Plywood ni wọ́n fi kan àwọn tó dára nínú wọn. Omi òjò kì í tètè bà á jẹ́ bíi ti pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀, èyí tó ń wú tó sì ń ṣubú bí òjò bá ti kàn án. Ikán ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fi ojú rẹ̀ kọ ògiri tó ń rin.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan sí yín, Olóòtú. Ó dá mi lójú pé àwọn òǹkàwé yín ní àwòrán àwọn ẹgbẹ́ jùjú àti highlife láti 1965 títí di 1985. Àwọn olórin ni gbogbo èèyàn ń wò nínú àwòrán wọ̀nyẹn. Ẹ bá mi rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi àwọn tí àpótí sípíkà hàn nínú wọn ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí wọ́n ti ya á. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n jáde, èmi á sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Atún-sípíkà-ṣe, Òkè-Àdó, Ìbàdàn