Ẹ Jẹ́ Kí Adájọ́ Fọn Fèrè Ìkẹyìn Ná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá wa kó ìròyìn eré ìdárayá jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ìdíje Premier League tí Arsenal yóò ti gba Tottenham lálejò ní pápá Emirates lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Olólùfẹ́ Arsenal ni mí láti ìgbà tí Kanu Nwankwo ti wà lọ́dọ̀ wọn, n kò sì fi bò rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwa olólùfẹ́ Arsenal fúnra wa láti bí ọjọ́ mélòó kan ń kọ mí lóminú, nítorí pé a ti fẹnu gbá bọ́ọ̀lù náà tán. Àwọn kan ní ayò mẹ́ta ni, àwọn mìíràn ní mẹ́rin ni, bí ẹni pé Tottenham kò ní wọ pápá rárá. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a má ṣe ka ìṣẹ́gun mọ́ tiwa títí adájọ́ yóò fi fọn fèrè ìkẹyìn, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa pẹ̀lú má sì rò pé ayò méjì ti tó, nítorí pé bí a bá fojú kéré Tottenham, iwájú tí a wà kì í pẹ́ di ẹ̀yìn.

Mo rántí ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 2008. Ojú ń pọ́n Tottenham ní ìsàlẹ̀ tábìlì nígbà náà, síbẹ̀ àwọn ló kọ́kọ́ gbá ayò wọlé, nígbà tí David Bentley, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọmọ Arsenal, rí i pé Manuel Almunia, aṣọ́lé wa, ti rìn jìnnà sí ẹnu ilé rẹ̀, tó sì gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè réré gba orí rẹ̀ kọjá. Arsenal dá a padà, wọ́n sì lé e kọjá, tó fi jẹ́ pé nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú méjì, ayò mẹ́rin sí méjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí a jọ ń wò ó dìde, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n ní, “Èyí ti parí,” wọ́n sì jáde. Bóyá ni wọ́n tíì dé ìta tí Gaël Clichy tiwa fi yọ̀ ṣubú. Jermaine Jenas ti Tottenham gba bọ́ọ̀lù lọ, ó sáré síwájú, ó sì fi kọ́ igun àwọ̀n. Nígbà tí àfikún àkókò ń parí lọ, Luka Modrić gbá òmíràn, ó ba òpó, ó ta padà sẹ́yìn, Aaron Lennon sì tì í wọlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé padà, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Tẹlifísọ̀n ni mo nawọ́ sí, nítorí pé n kò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mẹ́rin sí mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, à bá pè é ní àgbákò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 2004, ní White Hart Lane, pápá Tottenham nígbà náà, Patrick Vieira àti Robert Pirès ti gbá ayò méjì wọlé fún wa kí abala kìíní tó parí, síbẹ̀ ọ̀mì 2-2 ló já sí. Nítorí pé ọ̀mì náà tó láti fi gba ife líìgì lọ́jọ́ yẹn, tó sì wà lára ọ̀mì 12 tí a gbá nínú ìdíje 38 tí a kò ti pàdánù ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ wa kì í rántí bí ó ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, nílé wa gan-an, a ti na Tottenham ní 2-0 nígbà ìsinmi, àwọn tí kò tíì borí wa nílé wa nínú líìgì láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n 3-2 ni wọ́n fi nà wá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ayò mẹ́ta sí òdo la fi lọ sinmi ní pápá wọn. Àwa náà la borí, ní 3-2, àmọ́ ẹni tó bá wo ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn mọ bí ọkàn wa ṣe rí.

Mo ti fara balẹ̀ yẹ ìdíje mẹ́ta yìí wò, ohun kan náà ni mo sì bá níbẹ̀: Tottenham rí pẹ̀nárítì gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọwọ́ ara wa la sì fi fún wọn. Ní 2004, Jens Lehmann, aṣọ́lé wa, taari Robbie Keane ti Tottenham nígbà tí wọ́n ń gbá kọ́nà. Ní 2010, Cesc Fàbregas gbé ọwọ́ sókè láàárín àwọn tó tò láti dí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù sì bà á lọ́wọ́. Ní 2024, Declan Rice fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù dànù, ẹsẹ̀ Ben Davies ti Tottenham ló gbá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tó bá ti gbà lọ́kàn pé òun ti borí ló máa ń sún sẹ́yìn wá síwájú ilé ara rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe kékeré kan sì ti ń di pẹ̀nárítì. Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ìlàjì pápá tiwọn, kí ni yóò fà ju kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà padà sí wa lọ?

Tottenham pẹ̀lú ti jẹ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọdún 2012, ayò méjì ni wọ́n fi ṣíwájú wa ní Emirates, Emmanuel Adebayor, ọmọ Tógò tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ló sì gbá èkejì wọlé, ẹni tó gbá ayò wọlé fún wa nínú ìdíje ọdún 2008 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó lọ sinmi, Bacary Sagna àti Robin van Persie ti dá méjèèjì padà, 5-2 la sì fi ṣẹ́gun. Àmì mẹ́wàá ni Tottenham fi wà níwájú wa kí a tó gbá bọ́ọ̀lù náà. Nígbà tí sáà parí, àmì 70 ni tiwa, 69 ni tiwọn, àmì ẹyọ kan yẹn ló sì fi wá sí ipò kẹta tó fi wọ́n sí ìkẹrin. Ní ọdún yẹn, Chelsea tó gba ife Champions League ló gba ààyè tí ipò kẹrin ì bá fún Tottenham nínú ìdíje náà ní sáà tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ní ìdíje kan ṣoṣo kò lè ba ọdún jẹ́, kí ó lọ bi olólùfẹ́ Tottenham tó rántí ọdún náà.

Ó sì yẹ kí a rántí ẹni tí à ń bá gbá. Láti ọdún 1913 tí Arsenal ti kúrò ní gúúsù odò Thames wá sí Highbury ni Tottenham ti ń wò wá gẹ́gẹ́ bí àlejò tó wá kọ́lé sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ní ọdún 1919, àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì tún dìbò gbé wa sí ipele kìíní, nígbà tí Tottenham já kúrò níbẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní juwọ́ sílẹ̀ nítorí pé a fi ayò méjì ṣíwájú wọn.

Kò sì sí ohun tí mò ń béèrè tí a kò ṣe rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ní pápá wọn, Bukayo Saka gbá kọ́nà, Gabriel kàn án lórí, ayò kan ṣoṣo náà sì tó wa. Ó lé ní ìṣẹ́jú 25 tí a fi ṣọ́ ọ, kò sí ẹni tó ti ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó gbọ́wọ́ sókè. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn ni mo ń fẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n wá ayò kẹta lọ dípò kí wọ́n sún sẹ́yìn ṣọ́ méjì.

Mo bẹ ẹ̀yin olóòtú pẹ̀lú pé kí ìwé ìròyìn yín tí yóò jáde kí eré tó bẹ̀rẹ̀ má ṣe gbé àkọlé tó ti fún wa ní ìṣẹ́gun sójú ewé kìíní. Ẹ̀yin tí ẹ óò wà ní pápá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde lọ ní ìṣẹ́jú 85. Ní tiwa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la óò tún jọ wò ó, a sì ti fẹnu kò pé bàtà wọn yóò wà ní yàrá títí adájọ́ yóò fi fọn fèrè, kódà bí a bá fi ayò mẹ́rin wà níwájú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ Arsenal kan