Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí owó tí à ń san fún àwọn agégi

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè ní ìsọ̀ wa ìdí tí pákó afàrà fi ń wọ́n sí i nígbà tí owó ìlagi kò yí padà. Ìbéèrè tó tọ́ ni, inú igbó sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà, níbi tí a ti ń bá ọ̀gá àwọn agégi dúnàádúrà kí ayùn tó dún rárá.

Àwọn kan ń san owó ojúmọ́, àwọn mìíràn ń ka iye igi tó bá wó. A kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ kò ní ìdí láti yára, ẹni tí a sì ń ka igi fún yóò gé èyí tó bá tètè wó, bó ti wù kó tínrín tó. Ìwọ̀n gẹdú tó bá jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, ní kúbíìkì mítà, ni àwa ń sanwó lé lórí.

Gẹdú tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìlọ́po mẹ́rin igi tó wà nínú èyí tó fẹ̀ ní 30, bí gígùn wọn bá dọ́gba. Nítorí náà, bí igbó bá jẹ́ kìkì igi tínrín, agégi yóò gé igi mẹ́rin, yóò ré ẹ̀ka wọn, yóò sì wọ́ wọn jáde, kí ó tó rí ohun tí igi ńlá kan ì bá fún un. Kò sí bí owó tí yóò béèrè kò ṣe ní gòkè.

Owó wíwọ́ wà lọ́tọ̀, ó sì ń tẹ̀lé bí ọ̀nà ṣe jìn láti ìdí kùkùté dé ibi tí ọkọ̀ lè dúró, bí ilẹ̀ ṣe rọ̀, àti iye tí wọ́n ń ta dísẹ́ẹ̀lì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ná owó yìí wálẹ̀, nítorí agégi tí a bá rẹ́ jẹ yóò fi gẹdú tó jìnnà sílẹ̀ kó jẹrà, ìyẹn sì ń dùn mí gidigidi. Gẹdú tó ń gba orí ọ̀sà wá náà ní ìnáwó tirẹ̀: igi arère ń léfòó, ṣùgbọ́n igi èkkì tó wúwo yóò rì àfi bí a bá so ó mọ́ igi tó fúyẹ́.

Láti ìsinsìnyí, a óò máa kọ owó gígé, owó wíwọ́ àti owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú rìsíìtì ẹni tó bá ra odindi gẹdú. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ wá kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ ìlagi, a óò sì fi téèpù lé yín lọ́wọ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Alákòóso ìsọ̀ pákó