Lẹ́tà sí àbúrò mi tó wà ní SS2: ẹ̀ẹ̀melòó, nínú kí ni?

Àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. O ní tíṣà ìṣirò sọ pé frequency ni iye ìgbà tí nǹkan yọjú, tíṣà físíìsì ní kò tíì pé tí o kò bá dárúkọ ìṣẹ́jú-àáyá, ti jọ́gíráfì wá dé, ó gbé ọ̀rọ̀ omíyalé kalẹ̀. O ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn?” Oorun ń kùn mí, mo kàn dá ẹ lóhùn pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí o ṣáà há wọn sórí. Irọ́ ni mo pa. Fi ìyẹn sílẹ̀, ka èyí.

Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, Yorùbá sì ti ní in tipẹ́: ẹ̀ẹ̀melòó? Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún yín ni ìdajì tó kù: nínú kí ni? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín.

Ti ìṣirò ló rọrùn jù. Ẹ kọ nọ́ńbà bàtà ogójì ọmọ kíláàsì yín sílẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn wọ 39, frequency 39 jẹ́ 9. Kò sí aago níbẹ̀, kò sí ọjọ́. Bí ẹ bá ń sàmì iye wọn, ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn, ó parí.

Físíìsì ló gbé aago wọlé. Ẹ̀ẹ̀melòó nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan? Orúkọ Heinrich Hertz, ọmọ Jámánì tó kú ní 1894 láìtíì pé ogójì ọdún, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Yí ẹ̀yìn ṣájà fóònù ẹ wò, wàá rí 50/60Hz níbẹ̀. Iná tiwa 50 ni, ti Amẹ́ríkà 60: iná tó wà nínú wáyà ilé yín ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn tí wọ́n bá mú un wá o. Tí o bá fẹ́ fi etí gbọ́ nǹkan náà, lọ dúró ti onígángan. Bó bá fún ìlù mọ́ abíyá, awọ á le, á máa gbọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà sí i, ohùn á gòkè. Bó bá dẹwọ́, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Tíṣà Yorùbá yín náà ti kọ́ yín, kò kàn pè é ní frequency ni: ohun tó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ lẹ́nu ẹ ni bí tán-án-ná ọ̀fun ẹ ṣe ń yára gbọ̀n tó.

Níbi practical ni físíìsì ti gbá èmi létí. Pendulum ni wọ́n fún wa: irin róbótó nídìí okùn tó gùn ní mítà kan, ká jẹ́ kó fì ní ogún ìgbà, ká wo iye àkókò tó gbà. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo tẹ stopwatch, mo ní “ọ̀kan”. Ó lọ, ó bọ̀, mo ní “èjì”. Nígbà tí mo pe ogún, mo dá aago dúró: ìṣẹ́jú-àáyá 38. Ó yẹ kó jẹ́ 40. Mo pín in sí ogún, mo fi ṣírò òòfà ilẹ̀, 10.9 ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ dípò 9.8. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ibi kan náà ló ń já sí. Mo ní okùn ló burú. Mo ní aago ló burú. Ẹni tó jókòó tì mí tí tiẹ̀ péye, mo ní ó jí ìdáhùn wò ni. Kò sí ohun tó ṣe okùn, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pe “ọ̀kan”, irin yẹn kò tíì rin ibì kankan. Ogún ni mo pè, ìgbà mọ́kàndínlógún ló fì.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti kọ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀. Ilé wa ni. Ṣebí ọjà ọrọọrún ni ìyá wa àgbà ń ná? Bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọ́n tún máa ná an, àmọ́ òní ti wà nínú kíkà, ó di márùn-ún. Ìtàdógún tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń ṣe, mẹ́tàdínlógún ni orúkọ ń pè, mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ìpàdé kan sí èkejì. Ọmọ tí a bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àwọn baba wa ń ka ọjọ́. Físíìsì ń ka àlàfo. Èmi ni mo gbé kíkà ọjà lọ sídìí pendulum.

Ní báyọ́lọ́jì, aago tún jáde, ilẹ̀ ló wọlé. Ẹ ó ju quadrat, férémù onígun mẹ́rin yẹn, sórí pápá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí ẹ bá rí ewé imí eṣú nínú mẹ́fà, frequency rẹ̀ jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ kan ni o rí nínú férémù kan ni, àádọ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pàdánù máàkì síbẹ̀.

Ti jọ́gíráfì ló le jù, torí aago tiwọn kì í lù déédéé. Odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn lọ. Omíyalé ńlá tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ọdún 31 ló wà láàárín méjèèjì (àlàfo ni mo kà o, kì í ṣe ti ọjà). Ṣé ká wá jókòó máa retí 2042? Rárá o. Pendulum ń padà wá torí okùn so ó mọ́lẹ̀; òjò kò bá ẹnì kankan dá àdéhùn. Nígbà tí ìwé bá sọ pé omíyalé kan jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tó ń wí ni pé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní tó ní láti dé. Ó lè dé lọ́dún yìí, kó tún dé lẹ́ẹ̀mí-ìn. Tún wo oṣù náà: ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì, àsìkò tí ìwé yín ń sọ pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń sinmi lóòótọ́. “Máa ń” yẹn ni frequency, kì í ṣe ìlérí.

Lọ́jọ́ practical yín, tí o bá jọ̀ irin yẹn lọ́wọ́, òdo ni kí o kọ́kọ́ pè.

Mo pe ìyá àgbà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n ní ó tún di ọrọọrún. Túsídè lòní, torí náà Sátidé ni, o kò sì ní lọ sí school lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí o wá bá àwọn ru iṣu.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.