Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù mélòó?

Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ́fíìsì ìjọba kan dá fọ́ọ̀mù tí mo fi wá iṣẹ́ kíkọ́ ilé tí àwọn tíṣà máa gbé padà fún mi. Ilé àtòpọ̀ lèmi ń kọ́: ṣọ́ọ̀bù la ti máa ń parí yàrá, wáyà àti páìpù á ti wà nínú ẹ̀, ká tó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ síbi tí a ó ti tò ó pọ̀. Ọ̀gá náà ń ṣí ìwé mi síwá, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Ó ní, "Búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ fẹ́ lò? Mi ò rí i níbí." Mo ní irin ni. Ó ní ṣé inú páálí ni mo fẹ́ kí tíṣà máa sùn ni.

Búlọ́ọ̀kù ṣá! Ìwé owó orí ọdún mẹ́ta pé, ìwé pẹ́ńsọ̀n pé, mo ti san owó fọ́ọ̀mù. Ìgbèríko kan lọ́nà Ìdànrè ni ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tíṣà náà sí wà. Omi tí wọ́n máa fi po sìmẹ́ǹtì gan-an, rírù ni.

Ní Singapore, láti 2014 ni ìjọba ti ń fi í sínú àdéhùn àwọn ilẹ̀ kan tó ń tà pé irú ilé yìí ni kí wọ́n kọ́ síbẹ̀, ìdá 65 nínú 100 ó kéré tán. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn tó ń yáni lówó ilé máa ń fẹ́ rí ni ẹ̀rí pé ilé náà á lo 60 ọdún. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn tiwa ń ka búlọ́ọ̀kù.

Kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sanwó ló ṣe pàtàkì jù. Wọn kì í sanwó àfi tí wọ́n bá rí ògiri lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tiwa ti ń parí. Ẹ rán ẹnjiníà wá. Tí a bá jó irin tán, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lára, kẹ́ ẹ san tìyẹn; láti ọjọ́ náà, yàrá ti di ti ìjọba, bó tilẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé mi. Tí a bá fi wáyà sí i, kó padà wá tan iná wò. Ìyókù, ó di ìgbà tó bá dúró lórí ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé n ó sá lọ, ẹ gba ìwé onídùúró báńkì lọ́wọ́ mi.

Yàrá tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òjò ọdún méjì ti pa á, ọmọṣẹ́ mi ló ń sùn nínú ẹ̀. Tí ọ̀gá náà bá ráyè, kó wá fọwọ́ kan ògiri ẹ̀ wò bóyá páálí ni.

Wẹ́dà kan,
Ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́.